Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Án

Ẹ má bá mi pè é ní ìlú iwin. Abúlé wa ni. Ibẹ̀ ni mo gbọ́njú sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́, tí mo ṣubú lu ìkòkò aláró kan tí ó sì fọ́, tí mo sá wọ inú oko, tí ìyá mi kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ẹni tó fọ́ ọ nígbà tí mo padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rin gbingbin fún aró. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Àwọn tó kú síbẹ̀ wà nínú yàrá tí a sin wọ́n sí. Àwọn tí kò kú wà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì wà lápá Kútọnu tí wọ́n ń ta aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó lé wa kúrò, ẹnu wa ṣì wà lára wa. Kí ó bi wá.

Wọ́n bi ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Wọn kò sì dúró gbọ́ ohun tó sọ tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí pé inú ṣì ń bí mi.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń rìn kiri àwọn ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò ní agbègbè wa. Àwọn ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Màá gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà bá parí sí, màá wá fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ ọ̀dàn yóò rò pé koríko àti òkúta nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá rí igi máńgòrò tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹyẹ kọ́ ló gbìn ín. Bí o bá rí òkúta pẹrẹsẹ tí ojú rẹ̀ jìn ní kòtò kòtò, tó ń dán bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn obìnrin ló lọ ọkà bàbà lórí rẹ̀, ìyá lẹ́yìn ìyá, títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí koríko bá ti dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, ààtàn ni. Mo dúró lórí irú ààtàn bẹ́ẹ̀ rí lápá Kíṣí, mo rí àpáàdì kan tí ojú ìka ẹni tó mọ ìkòkò náà ṣì hàn lára rẹ̀, mo fi ìka tèmi lé e, ó ṣe régí. N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà.

Orílẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀: ibi tí a ti ṣẹ̀, tí a sì ti ṣí kúrò. Kò sí ẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kì ọ́ tí orí rẹ yóò wú, orílẹ̀ rẹ ni yóò mẹ́nu bà. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe Nàìjíríà, orílẹ̀ yìí náà ni wọ́n mú, wọ́n so èdè mọ́ ọn nídìí, ó di orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo rò pé àṣìṣe ni. Nísinsìnyí tí mo ti darúgbó, mo rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣí kúrò, orúkọ wo ló tún yẹ ẹ́?

Abúlé tiwa kò tíì pẹ́ tó ohun tí à á pè ní orílẹ̀. Ìṣojú mi ló tú. Ogun kọ́ ló tú u, ègún kọ́, àjàkálẹ̀ àrùn kọ́. Tábà ló kó wa jọ, tábà náà ló tú wa ká. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan wá sí Òkè-Ògùn, wọ́n fún àwọn bàbá wa ní irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ti yan ewé náà, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ńlá wá kó o lọ. Tábà yẹn ló rán mi lọ sí ilé ìwé. N kò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ni à ń fi dáná sí i. Igi ayìn tó wà láyìíká wa, a gé e tán; igi òrí tí àwọn ìyá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, a padà gé e. Odò gbẹ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà ní wọn kò ra tábà lọ́wọ́ wa mọ́, ọkọ̀ ńlá kò sì wá mọ́. Ìjọba la títì, ó gba ibòmíràn. Wọ́n gbé tíṣà kúrò ní ilé ìwé wa, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ́kù sì tẹ̀lé tíṣà lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń du ìbò ló ń ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún wa, títí kò fi sí ẹni tí yóò dìbò níbẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù ajínigbé ló lé àwọn arúgbó tó kù. Ilé tí kò ní onílé, òjò ló ni ín. Amọ̀ padà di amọ̀.

Ilé kan ṣoṣo ni kò wó. Ilé tábà bàbá mi ni. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló kọ́ ọ, bíríkì tí wọ́n fúnra wọn sun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí òjò kò fi rí i ṣe. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí, ó lè dẹ́rù bà á lóòótọ́. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn kan ló ní, tí àgbàlagbà ní láti tẹríba kí ó tó wọlé. Ojú ààrò wà nídìí rẹ̀ níta, ibẹ̀ ni a ti ń ti igi bọ iná, páìpù onírin gbọ̀ngbọ̀n sì gba orí ilẹ̀ kọjá nínú, òun ló ń gbé ooru káàkiri kí èéfín má baà kan ewé. Lókè, àwọn igi dábùú ara wọn ní ìpele ìpele dé abẹ́ òrùlé. Páànù òrùlé ti lọ, àwọn igi yẹn ṣì wà. Ara wọn ni a ń fi ewé kọ́.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ fi fídíò náà hàn mí. Nọ́ọ̀sì ni ní Ṣakí, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà sí, nítorí pé ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọmọkùnrin kan ní Ìgbòho fẹ́ fi í ṣaya. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána àti yìgì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìkòkò àti àwo pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó ń fi wọ́n han gbogbo ẹni tó bá wá kí i.

Nínú fídíò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú ilé tábà bàbá mi, ó yí fìlà sẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé ènìyàn ń sùn nítòsí. Ó ní òun wà ní ìlú àwọn iwin, ó ní ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n. Wọ́n fi kámẹ́rà tó ń fò yí òrùlé tí kò sí mọ́ ká. Orin kan ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹkún. Lójijì, mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Ṣakí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá òrí tó ń tà. Wọ́n ti bi í ní ìbéèrè, ó sì ń dáhùn ní tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ibẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan án. Wọ́n á kọ́kọ́ so ó mọ́ igi. Àwa ọmọdé là ń so ó, màmá wa á máa nà án sí wa. Wọ́n á wá gbé e gòkè, wọ́n á fi kọ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á dáná sí i nísàlẹ̀. Tọ̀sán tòru ni, iná ò gbọdọ̀ kú. Bó bá ti wá pọ́n dáadáa, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òórùn ẹ̀ á gba gbogbo abúlé. Àwọn òyìnbó á wá fi mọ́tò kó o."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ọ. Màmá yìí fojú ara wọn rí i." Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú fídíò náà pé ilé tí wọ́n ti ń yan ènìyàn nìyí.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ayan-ènìyàn níbi iṣẹ́," ó ní. "Wọ́n ń fi ṣeré ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìgbòho ti rí i."

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré lè dá sílẹ̀. Nínú èdè wa, "án" lè jẹ́ iṣu, ó lè jẹ́ ẹja, ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ ọmọ ènìyàn. Èdè mìíràn a máa pààlà sáàárín wọn, tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kí ó mọ ohun tí "án" dúró fún, bí kò bá sì mọ̀, kí ó bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ tábà nítorí pé lójú tirẹ̀ kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè yan níbẹ̀. Ǹjẹ́ ènìyàn a máa dárúkọ omi kí ó tó sọ pé òun pọn ọ́n? "Yan kí ni, Màmá?" Ìyẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n bi í. Wọn kò bi í, nítorí pé ohun tí wọ́n wá wá ni wọ́n ti rí.

Nọ́ńbà tẹlifóònù wọn wà lábẹ́ fídíò náà. Mo pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ ẹni tó ń yan ènìyàn ni."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àwa ò parọ́. Ohùn màmá wà níbẹ̀."

"Kí ni màmá sọ?"

"Pé wọ́n ń yan án."

"Yan kí ni?"

"Bàbá, kí la tún ń fi kọ́ sókè, tí à ń ti ilẹ̀kùn mọ́, tí à ń dáná sí lábẹ́?"

"Tábà."

"Kí ni tábà?"

"Ohun tí wọ́n fi ń ṣe sìgá."

"Sìgá? Wọ́n máa ń gbin sìgá ni?" Òótọ́ inú rẹ̀ ló fi bèèrè, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, ó sọ orúkọ ìlú rẹ̀ fún mi. Bàbá bàbá rẹ̀ kò lè ṣàì gbin tábà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó ní òun ti lóye rẹ̀.

"Nígbà náà, tún un ṣe," mo ní.

"Bàbá, bí mo bá sọ pé tábà ni, ta ló máa wò ó?"

Mo pa fóònù. Mo fẹ́ ju fóònù náà mọ́ ògiri. Ọmọ mi ló rà á fún mi, n kò jù ú.

Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìgbòho ránṣẹ́. Wọn kò sọ pé àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n ní kí a dá ọ̀rọ̀ ìdána dúró ná, pé ìwádìí kù. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ilé kan bá fẹ́ gbé ọmọ, wọn yóò wádìí: ṣé wárápá wà nínú ẹbí, ṣé wọ́n ń jalè, ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ìwádìí tó bá sì dúró, àfi kí ẹni tí à ń wádìí rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i kíákíá, nítorí pé ìdákẹ́ ni wọ́n fi ń kọ ọmọ nílẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó dojú kọ ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bi yín kọ́," mo ní.

"Ẹ̀bi ta ni? Ohùn ta ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀? Ìwọ tó lọ sí yunifásítì, lọ bá wọn sọ ọ́. Ẹnu tèmi ti ṣe tiẹ̀."

Mo ránṣẹ́ sí Ìgbòho pé kí wọ́n yan àgbàlagbà kan láàárín wọn kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí ilé náà. Bí ìwádìí bá kù, kí wọ́n wá wádìí. Àbúrò bàbá ọkọ ni wọ́n rán, Alájì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹni pẹ̀lẹ́, tó ń fọwọ́ kan àyà kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dùn mí láti kọ ìyẹn nísinsìnyí. Ọ̀kadà ló gbé wa lọ: èmi, òun, ọmọ náà, àti ẹ̀gbọ́n mi tó kọ̀ láti dúró sílé bí orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tí ọ̀nà parí, a rìn díẹ̀díẹ̀ nínú koríko bẹẹrẹ tó ga jù wá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀pá tọ́ka: ilé lágbájá nìyí, ibi tí a ti ń fẹ́ ọkà nìyẹn. Koríko ni gbogbo rẹ̀. Alájì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ rọra o."

A dé ibẹ̀. Alájì bọ́ fìlà, ó tẹríba, ó wọ inú ilé tábà náà. A gbọ́ tí àdán ta yí ká lókè. Mo wọlé tẹ̀lé e, mo ti múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ: màá fi páìpù hàn án, màá fi àwọn igi hàn án, màá ṣàlàyé bí ewé tútù ti ń padà di pupa bíi wúrà. Oòrùn ń ti òkè wọlé, ògiri dúdú fún iná àtijọ́. Alájì fi ọwọ́ nu ara bíríkì, ó gbé ìka rẹ̀ sí imú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ojúgbà rẹ̀.

"Òórùn ẹ̀ ò tíì kúrò tán," ó ní.

Mo wò ó. "Ẹ mọ òórùn rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwa náà ní tiwa. Èmi ni mò ń ṣọ́ iná fún bàbá mi. Mo sùn lọ lẹ́ẹ̀kan, iná kú, ewé dúdú. Bí wọ́n ti nà mí lọ́jọ́ náà!"

"Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wá?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì ni mo ti mọ̀. 'Bó bá ti pọ́n dáadáa.' Mo rẹ́rìn-ín ni."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ló pa wá lẹ́rìn-ín nínú fídíò yẹn.

"Ẹ sọ fún wọn nílé?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára agbádá. Ó jáde kí ó tó dáhùn, mo sì tẹ̀lé e jáde, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ náà gbọ́ ohun tó sọ.

"Mo sọ fún ọmọkùnrin wa, òun mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa pọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ní fóònù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò, ohun tí ayé ń sọ ni. Bí mo bá dìde pé tábà ni, wọ́n á ní wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ." Ó fọwọ́ kan àyà. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo rí. Ẹ wó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ ti pa á rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e, a ó wá ṣe ìdána."

Mo ti bínú púpọ̀ láyé mi. Mo ti bínú sí ìjọba ológun àti sí ìjọba alágbádá, mo ti bínú sí ilé iṣẹ́ tí ó jẹ igi wa tán tí ó sì nu ẹnu. Ṣùgbọ́n n kò rò pé mo tíì bínú tó bí mo ti bínú sí ọkùnrin pẹ̀lẹ́ yìí. Ọmọ oní-fídíò yẹn kò mọ̀, àìmọ̀kan sì ní ìwòsàn. Ẹni tó mọ̀, tí òórùn rẹ̀ ṣì wà níka rẹ̀, tí wọ́n nà nítorí rẹ̀ lọ́mọdé, òun ló ní kí n wó ilé bàbá mi kí irọ́ lè rí àyè jókòó dáadáa.

"Alájì," mo ní, "bí a bá wó o, fídíò yẹn nìkan ni yóò kù láti sọ ohun tó wà níbí. Wọ́n á ní ẹ ò rí i, wọ́n wó o kí a má baà rí egungun."

"Wọ́n á sọ ọ́ fún oṣù kan. Wọ́n á gbàgbé."

"Èmi ò ní wó o."

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi lóhùn. "Wó o," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá wa ló kọ́ ọ."

"Bàbá wa ti kú. Bó bá wà láyé, òun ló máa kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì nítorí ọmọ yìí. Ta ló ń gbé inú ẹ̀? Àdán. Ṣé torí àdán ni kí ọmọ mi jókòó sílé?"

"Kì í ṣe torí àdán."

"Torí ta ni? Torí tìẹ ni." Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ìwọ ni tábà rán lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ lo ń rìn kiri inú ìgbẹ́ tí ò ń fọwọ́ pa òkúta lórí. Èmi, ewé ẹ̀ ni mo so títí ọwọ́ mi fi dúdú, tí mi ò lè fọwọ́ jẹ ẹ̀kọ kó má korò. Kò rán mi níbì kan. Wó o, jàre."

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé òtítọ́ tirẹ̀ kò sọ òtítọ́ tèmi di irọ́. A dúró níbẹ̀ bí ẹran tó já okùn tí kò mọ ibi tí yóò lọ. Alájì ń wo bàtà rẹ̀.

Ọmọ náà ló kúnlẹ̀ síwájú Alájì, bí ó ti yẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìgbà wo lẹ sọ ọ́ fún un?"

"Fún ta ni, ọmọ mi?"

"Ọmọ yín. Pé tábà ni."

"Ọjọ́ tí fídíò yẹn jáde gan-an."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n bá a wá nǹkan ṣe sí i láìjẹ́ kó di ariwo."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára ìró rẹ̀. Láti ìgbà tí fídíò náà ti jáde ni ọmọkùnrin yẹn ti ń pè é lójoojúmọ́, tí ó ń tù ú nínú, tí ó ní kí ó fara balẹ̀, pé àwọn àgbà yóò yanjú rẹ̀. Kò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé òun mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ náà sọ ìyẹn fún mi lẹ́yìn tí a padà dé Ṣakí. Níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ẹ̀gbọ́n mi mú lápá, a padà gba inú bẹẹrẹ lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró dè wá.

Ó gba ọmọ náà ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó wá bá mi. Mo ti rò pé yóò bẹ̀ mí kí n wó o. Kí n sọ tòótọ́, bí ó bá bẹ̀ mí, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá kọ̀. Inú bí mi dé ibi tí mo mú ṣọ́bìrì ní ìdí ògiri ilé mi pé kí n lọ wó o, mo sì tún dá a padà.

"Bàbá, ẹ má wó o," ó ní. "Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó bá àwọn ará ilé wọn jókòó, kó sọ fún wọn pé tábà ni, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé wíwó ló rọrùn jù."

"Ìwọ wá sọ kí ni?"

"Mo ní kó máa lọ." Ó jókòó. Ojú rẹ̀ wú. "Bàbá, ilé tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nìyẹn, wọ́n mọ̀, wọ́n ní ká wó o. Bí mo bá wá délé wọn, tí ayé bá sọ nǹkan kan nípa mi, kí ni wọ́n máa ní kí n wó?"

N kò sọ fún un pé ó ṣe dáadáa. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ ọ́? Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Ó sunkún níwájú mi, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà. Ní òpin òjò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìgbẹ́, òun àti èmi lọ ro ìdí ilé tábà náà yí ká kí iná má baà jó àwọn igi inú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Fídíò yẹn ṣì wà níbi tó wà, wọ́n ṣì ń wò ó, àwọn mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn láti dúró síwájú ilé bàbá mi kí ẹsẹ̀ wọn lè gbọ̀n. Mo lé àwọn kan. Àwọn kan fi èmi náà sínú fídíò tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn bí mo bá kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò àti àwo ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé iṣu lọ fún un, ó gbà á, ó wò ó dáadáa, ó ní iṣu náà dára. Ó wá ní nígbà tí mo bá ń lọ, kí n yà kí ilé tábà mi, kí n sọ fún un pé òun ń retí rẹ̀, kí ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn kí wọ́n wá ṣe ìdána dípò àwọn ará Ìgbòho.